Òkìtì Tó Ń Sọ Òótọ́: Láti Òkúta Wẹ́wẹ́ Abomey dé Pírámíìdì Ìrẹsì Abuja

Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí aṣọ lójú àwọn òkìtì ìrẹsì kan ní Abuja. Àpò ìrẹsì tí a kò tíì bó ni wọ́n tò léra títí wọ́n fi ga ju ilé lọ, tí orí wọn sì rí ṣóńṣó bí òkìtì ẹ̀pà tí gbogbo wa ti rí nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, tó ti ń yá àwọn àgbẹ̀ lówó láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ló wà nídìí ètò náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ onírẹsì. Wọ́n fẹ́ kí ojú rí ohun tí etí kò fẹ́ gbà, pé owó tí wọ́n yá àgbẹ̀ ti so èso. Ṣùgbọ́n iye tí a ń ra ìrẹsì lọ́jà kò wálẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e àti èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ńṣe ni ó ń lọ sókè sí i.

Àwọn mìíràn ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lórí ìrẹsì náà, n kò ní tún un sọ. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni àṣà tó wà lẹ́yìn irú òkìtì bẹ́ẹ̀: kí ènìyàn kó iye tó pọ̀ ju ohun tí orí lè gbà lọ, kí ó sọ ọ́ di ohun tó ní gígùn, fífẹ̀ àti gíga, tí ojú lè wò yíká, tí ọwọ́ sì lè bà. Ìwé àkọsílẹ̀ olójú ewé ẹgbẹ̀rún kì í tètè bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bí a bá sọ ìlà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ di òkúta, tàbí páálí, tàbí gíláàsì, ibi tó ga á yọrí, ibi tó jìn á hàn, ibi tó ṣófo á sì di ihò tí gbogbo ènìyàn yóò rí. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé, ìhà ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tiwa kò sì dúró de òkè òkun kí ó tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a ti Kano bẹ̀rẹ̀, níwọ̀n bí àwọn ará Abuja ti ní Kano ni àwọn ń fara wé. Ọkọ̀ ojú irin dé Kano ní 1911, láti ìgbà náà ni ẹ̀pà sì ti di olórí ohun ọ̀gbìn tí Àríwá ń tà. Àwọn oníṣòwò ńlá bí Alhassan Dantata ń rà á jọ lọ́wọ́ àgbẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ń gbà á lọ́wọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ sì ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí etí òkun. Ọkọ̀ kò tó. Bí ẹ̀pà ti ń dé ni wọ́n ń to àpò rẹ̀ léra, òkìtì kan sì lè gba àpò tó tó 15,000. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò pọ̀ lórí wọn, kò sí ẹni tó kọ́ wọn nítorí fọ́tò. Iṣẹ́ ló kọ́ wọn. Ẹni tó bá mọ iye àpò tó wà nínú òkìtì kan lè dúró lẹ́bàá pápá náà, kí ó ka òkìtì, kí ó sì mọ bí ìkórè ọdún náà ti pọ̀ tó àti bí rélùwéè ti ń fà sẹ́yìn tó. Òkìtì tó bá pọ̀ jù ń jẹ́ iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: pé àgbẹ̀ ti ṣe tirẹ̀, pé ìjọba kò tíì ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀dá ọdún 1972 sí 1973 jà, tí àrùn sì kọlu ẹ̀pà ní 1975, tí owó epo rọ̀bì ti mú kí ojú ìjọba kúrò lára oko, àwọn òkìtì náà pòórá. Kò sí ẹni tó nílò ìwé ìròyìn iléeṣẹ́ ìjọba láti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ilẹ̀ pápá ṣófo, ó parí.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyí. Òkìtì Kano ga tàbí ó kéré nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko àti lójú irin. Òkìtì Abuja ga nítorí pé ọjọ́ ìṣíṣọ lójú rẹ̀ ti pé. Àwọn méjèèjì jọra nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló lè fúnni ní ìròyìn burúkú, ohun tí kò bá sì lè fúnni ní ìròyìn burúkú, kò ní ìròyìn kankan nínú.

Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí dé ìpele tó ga jù lọ ní àgbègbè wa ni àwọn ọba Dàhómì, ní ibi tí a ń pè ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin lónìí. Melville Herskovits, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà ọmọ ènìyàn, lọ ṣe ìwádìí láàárín àwọn Fọ̀n ní 1931, ó sì tẹ ìwé ńlá onípele méjì jáde lórí ìjọba náà ní 1938. Nínú ohun tí wọ́n sọ fún un, kò sí èyí tó ya àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́nu tó ọ̀rọ̀ òkúta wẹ́wẹ́. Wọ́n ní lọ́dọọdún, kí ogun tó jáde, ìjọba ń ka gbogbo ènìyàn ilẹ̀ náà. Òkúta kan dúró fún ènìyàn kan. Àpò ọkùnrin yàtọ̀ sí àpò obìnrin, ti ọmọkùnrin yàtọ̀ sí ti ọmọbìnrin, wọ́n sì ń rán àmì sára àpò kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó bá gbé e lè mọ irú ẹni tí òkúta inú rẹ̀ dúró fún àti ibi tí wọ́n ti kó o wá. Ní ààfin Abomey, àwọn obìnrin ló ń tọ́jú wọn. Àpótí wà fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún kan. Bí ọdún bá yí po, wọn a gbé òkúta inú àpótí kan sínú èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa gbé e lọ títí àwọn ọmọ náà yóò fi kúrò ní ọmọdé. Bí ènìyàn bá kú, òkúta rẹ̀ á kúrò nílẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ ro ohun tí ó túmọ̀ sí. Iyàrá kan ṣoṣo di gbogbo ilẹ̀ Dàhómì. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ ìwé kà, lè gbé àpò abúlé kan sókè kí ó fi ìwọ̀n rẹ̀ mọ̀ bóyá abúlé náà ń pọ̀ sí i tàbí ó ń tán lọ. Àpótí ọdún tí àrùn pa ọmọ wẹ́wẹ́ yóò fúyẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, fífúyẹ́ náà yóò sì máa bá ọdún yẹn lọ láti àpótí dé àpótí. Ohun tí àwọn onímọ̀ òde òní fi ìlà àti àwọ̀ yà sórí kọ̀ǹpútà, pé ẹgbẹ́ ọmọ ọdún kan náà ń rìn gba inú àkókò kọjá lọ, wọ́n ń fi ọwọ́ gbé e ní Abomey.

Àwọn baba wa a máa wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Lójú tèmi, òkúta gba ẹ̀yìn èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá, nítorí òkúta ni wọ́n ń kà, wọn kò nawọ́ sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà nídìí èèwọ̀ náà kò ṣàìní ìpìlẹ̀. Wọ́n ní ọba nìkan ló mọ àpapọ̀ gbogbo iye náà, baálẹ̀ kan kò sì gbọdọ̀ mọ̀ ju ti tirẹ̀ lọ. Ìjòyè ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní obìnrin kan nínú ààfin tó ń gbọ́ ohun tó bá wí, tó sì ń rántí rẹ̀, kí ó má baà yí ọ̀rọ̀ padà lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe? Owó orí, àti ogun. Nínú iye tí àpò bá gbà ni wọ́n ti ń mọ iye ọmọ ogun tí abúlé kan gbọ́dọ̀ mú wá. Bí ọ̀rọ̀ Herskovits bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òkúta Abomey ló ka àwọn ọmọ ogun tó wá kọlu Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, tí wọ́n sì ṣubú lábẹ́ odi Ẹ̀gbá, òun náà ló sì ka àwọn tó sọ Kétu di ahoro ní 1886. Ìjọba tó mọ iye ènìyàn rẹ̀ dájú lè jẹ́ ìjọba tó ń kó ẹrú. Ìmọ̀ iye kò sọ ẹnikẹ́ni di olóore.

Ó yẹ kí a fi ìṣọ́ra gba ìtàn yìí. Nígbà tí Herskovits ń gbọ́ ọ, ó ti di ọdún 37 tí Béhanzin ti juwọ́ sílẹ̀ fún àwọn Faransé ní 1894. Ìrántí ààfin a máa dán ohun àtijọ́ títí yóò fi tàn ju bí ó ti rí lọ, bóyá sì ni ètò àpótí náà fi gún régé tó bí wọ́n ti ròyìn rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ààfin tó ń ṣọ́ ìjòyè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu Fọ̀n nìkan, àwọn òyìnbó tó dé Abomey ní ọ̀rúndún 19 fi ojú ara wọn rí i wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìjọba tó ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, kò ṣòro láti gbà pé ó ní nǹkan kan tí wọ́n ń ṣọ́.

Ní àkókò kan náà tí Gelele ń jọba ní Abomey, ọmọ Ítálì kan tó ń jẹ́ Luigi Perozzo ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́nà mìíràn. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ó sì ń bá iléeṣẹ́ ìjọba Ítálì tó ń ṣe àkójọ iye ṣiṣẹ́. Ní nǹkan bí 1880 ó gbé àwòrán kan jáde tí àwọn ènìyàn ṣì ń wò di òní. Àkọsílẹ̀ ìkànìyàn Sweden láti 1750 dé 1875 ló lò, nítorí pé àwọn àlùfáà ìjọ ní ilẹ̀ náà ti ń fi iye ènìyàn ránṣẹ́ sí ìjọba wọn láti 1749. Perozzo to ọdún sí ìhà kan, ó to ọjọ́ orí sí ìhà kejì, ó sì fi gíga ṣe iye ọkùnrin tó wà láàyè. Bí òkè gidi ni ó ṣe yà á, bí ohun tí ènìyàn lè gbé sórí tábìlì: ó ga fíofío ní ìhà ibi tí àwọn ọmọ tuntun wà, ó ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀ sísàlẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó. Ọdún tí ìyàn mú fi àpá sára òkè náà. Ẹni tó bá gbé ìka lé orí ẹgbẹ́ tí wọ́n bí ní ọdún kan, tó sì tẹ̀ lé wọn, ìka rẹ̀ yóò máa sọ̀ kalẹ̀ ni. Kò lè gòkè. Ènìyàn tí kò bá ṣí wá láti ibòmíràn kò lè pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti bí i.

Ẹ fi òfin kékeré yìí sọ́kàn, kí a wá gbìyànjú láti fi ìkànìyàn Nàìjíríà kọ́ irú òkè náà.

Páálí tí a ó gé kò ní pọ̀. Ti 1952 sí 1953 wà, nígbà tí wọ́n ka nǹkan bí mílíọ̀nù 30. Ti 1962 wà, ṣùgbọ́n wọ́n dà á nù kí ó tó fìdí múlẹ̀. Ti 1963 sọ pé a jẹ́ mílíọ̀nù 55.66. Ti 1973, tí Adájọ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀, mú nǹkan bí mílíọ̀nù 80 wá, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ̀ ọ́, Murtala Muhammed sì wọ́gi lé e ní 1975. Ti 1991 sọ pé mílíọ̀nù 88.99 ni wá, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti ń pè wá ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti 2006 sọ pé mílíọ̀nù 140.43 ni wá. Èyí tó yẹ kó wáyé ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba sún un síwájú nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀.

Bí a bá to páálí wọ̀nyí tẹ̀ léra, ojú á kọ́kọ́ rí àtẹ̀gùn tí kò sí ẹsẹ̀ tó lè gùn ún. Láti 1953 dé 1963, iye ènìyàn ní láti fi ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ pọ̀ sí i lọ́dọọdún kí mílíọ̀nù 30 tó lè di mílíọ̀nù 55. Kò sí ìbímọ tó lè ṣe ìyẹn. Bóyá wọ́n kà wá dín ní àkọ́kọ́, bóyá wọ́n kà wá lé ní ìkejì, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìka lé àwọn ọmọdé ìgbà náà, tó wá ń wá wọn láàárín àwọn àgbà ìgbà tó tẹ̀ lé e, ìka rẹ̀ á gòkè níbi tó ti yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Michael Okpara, olórí ìjọba Ìlà Oòrùn, kò nílò páálí láti kọ iye ọdún 1963. Iye ìjókòó ilé aṣòfin ni òun ń wò, gẹ́gẹ́ bí Àríwá náà ti ń wò ó. Nǹkan tí Perozzo fi mọ bí ikú ti ń pa ọmọ ènìyàn, àwa fi ń pín àga àti owó.

Àṣìṣe kejì fara sin díẹ̀, òun ló sì dùn mí jù, nítorí kò sí ọ̀tá kankan tí a lè di ẹrù rẹ̀ lé. Bí a bá gé páálí ọdún kan ṣoṣo, kí á sọ pé 2006, tí a fi gíga rẹ̀ ṣe iye ènìyàn ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, kò ní dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi ti Sweden. Á rí bí ìyarun tí eyín rẹ̀ kò dọ́gba. Á ga ní 20, á wálẹ̀ ní 21, á tún yọ ní 25, á wọlẹ̀, á sì tún ga ní 30, ní 35, ní 40. Ìdí ni pé ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i a máa sọ iye tó rọrùn lẹ́nu, akọ̀wé a sì kọ ọ́. Kò sí olóṣèlú tó jí ohunkóhun níbẹ̀. Eyín ìyarun kọ̀ọ̀kan ni ọmọ tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé nígbà tí a bí i. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ́ irú àwòṣe yìí tó gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin, mo rò pé yóò ṣiṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìgbìmọ̀ ti sọ lórí ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí Accra, nítorí ìtàn kan wà níbẹ̀ tí àwa ará ìhà yìí kì í sábà sọ. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1964, ìròyìn dé pé Dorothy Hodgkin, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ kẹ́míkà. Kò sí nílé. Gánà ló wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, Thomas Hodgkin, tó jẹ́ olùdarí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Gánà nígbà ayé Kwame Nkrumah, òun kan náà tó ti ṣe àkójọ ìwé lórí ìtàn Nàìjíríà ní 1960. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kí ó tan ìtànṣán X-ray sí kírísítálì, kí ó wọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì tí ìtànṣán náà fi sílẹ̀ lórí fíìmù, kí ó sì ṣe ìṣirò tí yóò fi mọ ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà. Kò sí ẹni tó lè wo irú iye bẹ́ẹ̀ lórí ìwé kí ó rí nǹkan kan. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń ya ìlà sórí pákó dídán tí ojú lè là kọjá, bí ìlà tí wọ́n fi ń ṣe àmì òkè lórí máàpù, pákó kan fún ìpele kan, wọ́n sì tò wọ́n léra. Bí wọ́n ti wò ó láti òkè, penicillin hàn sí wọn, ní 1945. Àwọn àgbà onímọ̀ kẹ́míkà kan ti fi gbogbo ẹnu sọ pé penicillin kò lè rí bí ó ti hàn yẹn. Pákó tí a tò léra kò mọ àgbà, ó fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn. Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ mi nìyẹn lórí ọ̀rọ̀ wa: àwòṣe tó dára a máa já ẹni tó kọ́ ọ fúnra rẹ̀ nírọ́.

Iná mànàmáná ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá jù lójoojúmọ́. Ní 1935, iléeṣẹ́ tó ń tà iná ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà gé páálí kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, etí òkè páálí náà ń lọ sókè ó ń bọ̀ nílẹ̀ ní ìdajì wákàtí dé ìdajì wákàtí gẹ́gẹ́ bí iye iná tí ìlú ń lò. Wọ́n to gbogbo wọn pọ̀ bí ojú ewé ìwé, ọdún kan sì di òkè àti àfonífojì lórí tábìlì. Àwọn ará ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀ láti 1951 dé 1954, tiwọn sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó bá dúró níwájú rẹ̀ ń rí gbogbo ìgbé ayé ìlú: òru tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, òwúrọ̀ tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ilé tan iná lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ ìsinmi tó dà bí kòtò láàárín òkè, ìgbà òtútù tó gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Láti inú rẹ̀ ni ènìyàn ti lè mọ iye ẹ̀rọ tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kejìlá, kí òkùnkùn má baà bo ìlú.

Ọdún 1951 yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ ECN gba àkóso iná ní Nàìjíríà, lẹ́yìn òfin tí wọ́n ṣe ní 1950. Ó di NEPA ní 1972, ó di PHCN ní 2005, wọ́n sì gé e sí wẹ́wẹ́ fún àwọn oníṣòwò aládàáni ní 2013. Orúkọ ti yí padà ju bí àkọsílẹ̀ ti yí padà lọ. Nǹkan bí ìdajì àwọn oníbàárà tó forúkọ sílẹ̀ ni kò ní mítà. Bíìlì àfojúbù ni wọ́n ń gbà, iye tí ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì kọ. Nítorí náà, bí a bá ní kí a kọ́ àwòṣe bíi ti Manchester, ìdajì páálí wa ni ẹnì kan yóò fi ọkàn gé.

Kí á tilẹ̀ sọ pé mítà dé ilé gbogbo ní ọ̀la. Ohun tí mítà yóò kà ni iye tí wọ́n fún wa, kì í ṣe iye tí a nílò. Ní Manchester, òkè páálí ga nítorí pé àwọn ènìyàn tan iná. Tiwa yóò ga nígbà tí wọ́n bá mú iná dé, yóò sì lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú un lọ. Gbogbo iná tí a ti pèsè sórí wáyà orílẹ̀-èdè yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, kò tíì dé 6,000 mẹ́gáwáàtì rí, fún orílẹ̀-èdè tí àwọn onímọ̀ ń fojú bù sí igba mílíọ̀nù ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a nílò gan-an wà nínú ariwo jẹnẹrétọ̀ ní ẹ̀yìn ilé, nínú epo tí alágbẹ̀dẹ àti aránṣọ ń rà ní lítà méjì méjì, nínú páńẹ́lì oòrùn tó ń pọ̀ lórí òrùlé. Kò sí ẹni tó ń ka ìyẹn. Nígbà tí ìjọba fi kún owó iná ẹgbẹ́ A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ náà yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ tí owó rẹ̀ yóò sì wọ́n gan-an, ìlérí tí wọ́n ṣe fún wa jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa àwòṣe tí kò sí ẹni tó tíì kọ́. Báwo ni ìlú kan yóò ṣe mọ̀ bóyá wákàtí 20 náà pé? Ẹnì kan ní láti kọ wákàtí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ó sì gbé e síbi tí àwọn tó ń san owó lè rí i.

Mo gbà pé kọ̀ǹpútà lè ya gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí láàárín ìṣẹ́jú kan, àwọn kan yóò sì béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa gé páálí ní ayé òde òní. Ìdáhùn mi ni pé ojú kọ̀ǹpútà rọrùn láti pa dé. Ohun tó bá dúró sí gbọ̀ngàn ìlú, tí ó wúwo, tí ó ní gíga, tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè fi ọwọ́ bà, ó ṣòro fún olóṣèlú láti sọ pé òun kò rí i. Ọba Dàhómì mọ agbára yìí dáadáa, ìdí nìyẹn tí ó fi ti iyàrá òkúta rẹ̀. Àwọn tó kọ́ pírámíìdì Abuja náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì lo apá tó wù wọ́n nínú rẹ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ kan, tàbí yunifásítì kan, tàbí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ọjà kan ṣoṣo, lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de Abuja. Páálí 365, àáké àti gọ́ọ̀mù, àti ìwé kan tí wọ́n ń kọ wákàtí tí iná dé àti wákàtí tó lọ sínú rẹ̀ ní àdúgbò kan. Ní òpin ọdún, wọn yóò to páálí náà pọ̀. Àwọn ọjọ́ tí wáyà orílẹ̀-èdè dà wó, gẹ́gẹ́ bí ó ti dà wó lọ́pọ̀ ìgbà ní 2024, yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú etí tó gé wálẹ̀ dé ìdí, ẹni tó bá sì na ọwọ́ sórí òkè náà yóò fi ìka kan àwọn ihò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì lè ka ọjọ́ tí a kọ sí ẹ̀yìn wọn.